Píjò Tó Ń Kú Nínú Oòrùn

Ajé, 17 Èrèlé

Alhaji Yẹ̀kínì pè mí lólè lónìí. Kò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó sọ ọ́. Àárín yáàdì ló dúró sí, níbi tí gbogbo mẹkáníìkì Òkè-Ogbó ti lè gbọ́, ó na ìka sí mi, ó ní, "Obìnrin yìí ti jí kábúrétọ̀ Píjò mi. Àlòkù ló fi rọ́pò ẹ̀."

Lóṣù tó kọjá ni mo bá a ṣe Píjò 504 náà. Mo tú ẹ́ńjìnnì, mo fọ kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, mo sì dá a padà síbi tí mo ti yọ ọ́. Wẹ́rẹ́ ni mọ́tò náà jáde lọ́wọ́ mi. Ó wá ń sọ báyìí pé láàárọ̀ kò sóhun tó ń ṣe é, lálẹ́ kò sóhun tó ń ṣe é, àmọ́ tí oòrùn bá ti mú, tó sì ti rìn jìnnà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jáàkì bí ẹni tí òkèlè há lọ́fun, á sì kú. Tí wọ́n bá jẹ́ kó tutù, á tún jí.

Mo gbé ìbínú mì. Mo bi í pé, "Alhaji, látìgbà tí mọ́tò yìí ti kúrò lọ́wọ́ mi, ṣé ẹlòmíràn ti fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ìwọ nìkan ni."

Bàbá Awóníyì wà níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́, àwọn náà ni alága ẹgbẹ́ wa. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Comfort, gba mọ́tò náà padà, kí o wá nǹkan tó ń ṣe é. Títí tí yóò fi yanjú, má gba iṣẹ́ mìíràn."

Mo dúró kí wọ́n fi kún un pé àwọn mọ̀ mí, pé mi ò lè jalè. Wọn ò fi kún un.


Ìṣẹ́gun, 18 Èrèlé

Bámidélé ọkọ mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run kọ́ ló pè mí lólè.


Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Bùnmi rewáyà, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, nìkan ló wá bá mi jókòó lánàá. Àwọn yòókù ń gba ẹ̀yìn kọjá bíi pé olè máa ń ranni. Òun náà ló bá mi jáde lónìí. A dúró kí oòrùn mú dáadáa, a sì kọrí sọ́nà Ìpetumodù.

Kò tíì pẹ́ tí mọ́tò náà fi bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀. Ó jáàkì, ó fà, ó kú sórí òkè kan tí igi kankan ò sí. Bùnmi fò bọ́ sílẹ̀, ó yọ wáyà pílọ́ọ̀gì kan, ó ní kí n sítáàtì. Iná ń ta pàràpàrà.

"Àǹtí mi," ó ní, "iná ò kúrò níbẹ̀ o. Ti epo ni."

Mo ṣí orí kábúrétọ̀. Ibi tó yẹ kí epo kún sí gbẹ fúráúfúráú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdajì tánkì ni epo wà. Epo ń bẹ lẹ́yìn, kò dé iwájú. Ẹ̀yin Alhaji Yẹ̀kínì, ṣé kábúrétọ̀ tí ẹ ní mo jí ló jókòó sí ẹnu epo ni?

A jókòó sínú koríko kó lè tutù. Àwọn tó ń kọjá ń fun fèrè mọ́tò sí wa.


Ẹtì, 21 Èrèlé

Mo rò pé afẹ́fẹ́ ni kò ráyè wọ tánkì. Mo tú ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, a rìn, ó kú. Mo wá sọ tánkì kalẹ̀, mo fọ̀ ọ́, ìpẹtà tó jáde nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ọpọ́n. Mo pààrọ̀ asẹ́ epo. Inú mi ti ń dùn díẹ̀díẹ̀.

Ó tún kú. Orí òkè kan náà. Mo fi ẹsẹ̀ gbá táyà, ẹsẹ̀ ló dùn mí.

Nígbà tí mo padà dé, awakọ̀ takisí méjì ti wá kó mọ́tò wọn kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn ò lè wò mí lójú. Ó ní ìyàwó òun ló ní kí òun gbé e lọ síbòmíràn.


Ajé, 24 Èrèlé

Mo ra pọ́ǹpù epo tuntun láti Ìbàdàn, lówó ara mi. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí kí inú mi má tún máa ru. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi dè é. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbórí sókè ni mo ń rí ẹnìkan tó dúró tó ń wò mí bíi pé mo fẹ́ ti kinní kan bọ àpò.


Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Òjò! Òjò àkọ́kọ́ ọdún yìí. Láti àárọ̀ ló ti ṣú, nígbà tó sì máa di ọ̀sán, ó dà wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn tó dá díẹ̀, èmi àti Bùnmi gbé Píjò náà. A dé Ìpetumodù, a yí padà, a tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Kò jáàkì, kò kú. Bùnmi ń lu dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ń kọrin ọpẹ́, èmi náà ń gbè é.

Pọ́ǹpù ni. Pọ́ǹpù ló ti kú látìbẹ̀rẹ̀.

Mo wà á lọ sí Òkèrèwè fúnra mi, sí ìsọ̀ kòkó Alhaji. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Mo ní, "Alhaji, mọ́tò yín rèé." Ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó ní, "A máa rí i." Kò dúpẹ́. Inú mi dùn débi pé n ò bìkítà.


Ajé, 3 Ẹrẹ́nà

Okùn ni wọ́n fi fà á wọ yáàdì lónìí.

Alhaji àti ìyàwó rẹ̀, Alhaja Sàúdátù, ń ti oko Ìpetumodù bọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ rèé. Mọ́tò kú fún wọn sínú oòrùn, wọ́n jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu gbígbẹ títí tí onílọ́rí kan fi ṣàánú wọn. Ètè Alhaji ti funfun. Àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì wà ńlẹ̀.

"Wallahi, obìnrin yìí fẹ́ pa mí! Ó jí tèmi, ó tún fẹ́ fi òùngbẹ pa mí nínú ààwẹ̀!"

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Olè ni, ẹ lé e jáde!" Mo mọ ohùn náà. Mo yá a ní jáàkì tí mo fi ń gbé mọ́tò sókè nígbà tí tirẹ̀ bàjẹ́. Kò tíì dá a padà.

Mo tún bi Alhaji léèrè níṣojú gbogbo wọn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ṣé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan mọ́tò yìí lẹ́yìn tèmi?"

"Mo ti sọ fún ọ. Kò sí! Ṣé o fẹ́ kí n fi Kùránì búra ni?"

Mo gbà á gbọ́. Àgbàlagbà tó wà lẹ́nu ààwẹ̀, ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Bàbá Awóníyì ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n ní tí mọ́tò náà bá ṣì ń kú nígbà náà, kí n kó irinṣẹ́ mi kúrò ní yáàdì. Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé ọbẹ̀ ò níyọ̀.

Òjò ló tàn mí jẹ. Ara mọ́tò tutù lọ́jọ́ náà, ìyẹn ni kò fi kú. Pọ́ǹpù tuntun, owó àsọnù.


Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Oòrùn. Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń bínú.


Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Mo fi aṣọ tútù wé pọ́ǹpù kí ooru má bàa mú un. Ó kú.

Bùnmi wá ní, "Àǹtí mi, kí ló dé tí a ò fi gbàgbé tánkì yẹn? Ká gbé epo sí tòsí ẹ́ńjìnnì, ká wò ó bóyá á kú."

Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, àmọ́ ẹ̀rù bà mí, nítorí epo àti iná kì í ṣọ̀rẹ́. A de kéègì kékeré mọ́ orí mọ́tò gírígírí, a fa rọ́bà láti inú rẹ̀ wá sí ẹnu pọ́ǹpù. Bùnmi gbé garawa yanrìn sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń ka Sáàmù. A jáde lọ́sàn-án, oòrùn bí iná.

A dé orí òkè yẹn. Mo di sítíárì mú títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Mọ́tò gun òkè náà, ó sọ̀ kalẹ̀. A dé Ìpetumodù, a padà, kò kú.

Nítorí náà kábúrétọ̀ ò lẹ́ṣẹ̀. Pọ́ǹpù ò lẹ́ṣẹ̀. Mo ti fọ tánkì. Ibi tó kù kò ju páìpù tó ti tánkì gba abẹ́ mọ́tò wá síwájú. Mi ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò láti ọjọ́ yìí wá, torí èmi ni mo so ó mọ́ àyè rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ẹni tó ni mọ́tò sì ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a wọlé. Ó di ọ̀la.


Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Mo ti rí i! Mo ti rí i! Mo ti rí i!

Mo wa mọ́tò náà yí ká díẹ̀, mo sì wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, mo ń fi ọwọ́ tọ páìpù náà bọ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí mo dé àárín, nǹkan jó mi lápá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́n ti jó irin tuntun kan mọ́ abẹ́ mọ́tò láti fi gbé èsọ́ọ̀sì dúró, ìyẹn páìpù gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde. Páìpù epo wà lọ́nà irin náà. Ẹni tó jó o kàn tẹ páìpù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tẹ́ ẹ lé èsọ́ọ̀sì lórí, ó nà síbẹ̀ bí ejò tó ń yá oòrùn.

Bẹ́ẹ̀ ni epo ṣe ń hó nínú páìpù lójú ọ̀nà! Tó bá ti hó, ó di afẹ́fẹ́, pọ́ǹpù á wá máa fa afẹ́fẹ́. Tí òjò bá rọ̀, kò hó. Tí mọ́tò bá sinmi, epo á padà di epo. Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá kiri rèé, a ì bá mà rí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ká ní ẹnìkan sọ òótọ́.

Mo pariwo débi pé Bùnmi sáré wá, ó rò pé mọ́tò ti já lé mi.

Èmi kọ́ ni mo jó irin yẹn. Mi ò ní ẹ̀rọ tí wẹ́dà fi ń jó irin. Ta ni?


Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Alhaja Sàúdátù wá sí yáàdì láti mú bàtà oko rẹ̀ nínú mọ́tò. Mo kí i, mo fi ibi tó jó lápá mi hàn án, mo sì bi í nípa irin náà.

Ẹnu yà á. "Irin èsọ́ọ̀sì? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kó lọ ṣe é ni? Èsọ́ọ̀sì já bọ́ lọ́nà oko, ọ̀sẹ̀ tí mọ́tò ti ọ̀dọ̀ yín dé gan-an. Abdulrazaq, wẹ́dà tó wà ní ẹnu ọ̀nà Ìpetumodù, ló bá wa jó o. Alhaji ní òun ti sọ fún yín, ẹ ní kò burú."

"Wọn ò sọ fún mi, Alhaja."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Astagfirullah," ló ń sọ títí tó fi lọ.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Abdulrazaq. Ọmọlúàbí èèyàn ni, kò fi nǹkan pa mọ́. Ó ní, "Páìpù kékeré kan dí mi lọ́nà, mo bá tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò mọ̀ pé ti epo ni, mà. Alhaji fúnra wọn dúró tì mí. Àwọn ló bá mi di irin mú."

Àwọn ló bá a di irin mú.

Gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń padà bọ̀ ni gbólóhùn yẹn ń dún létí mi. Ọ̀kadà ò sáré tó.


Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Mo lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkèrèwè. Ó ń wọn kòkó lọ́wọ́. Mo dúró kí oníbàárà rẹ̀ lọ. Mo ní, "Alhaji, mo ti bá Abdulrazaq sọ̀rọ̀."

Ó gbé àpò kòkó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èsọ́ọ̀sì ló ṣe. Kí ló kan epo níbẹ̀?"

"Mi ò bi yín ti epo. Mo ní ṣé ẹnìkan fọwọ́ kan mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi yín. Ẹ ní ṣé kí ẹ fi Kùránì búra."

"Mi ò rántí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí."

"Lọ́jọ́ kejì ńkọ́?"

Ó ń fi ìka yí kòkó kan lórí òṣùwọ̀n. Ó wá sọ pé, "Mo ti sọ̀rọ̀ sí ọ níwájú ayé. Báwo ni n óò ṣe tún padà wá sọ pé èmi ni? Comfort, jẹ́ ká parí ẹ̀ níbí. Oṣù àánú la wà. N óò san owó pọ́ǹpù, n óò sì fi nǹkan lé e."

Bóyá ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀, inú mi ì bá rọ̀. Mo ní, "Ibi tí ẹ ti pè mí lólè, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pè é padà."

Mo jáde. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Ìbínú ni, kì í ṣe ẹ̀rù.


Ẹtì, 14 Ẹrẹ́nà

Mo yọ páìpù náà, mo fi tuntun sí i, mo mú un gba ẹ̀gbẹ́ kejì tó jìnnà sí èsọ́ọ̀sì, mo sì fi páànù dí ooru. Èmi àti Bùnmi gbé e jáde nínú oòrùn tó le jù lọ́dún yìí. Kò kú. Mo tì í mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Kò ní kúrò níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìpàdé.

Bàbá Awóníyì pè mí lórí fóònù nígbà tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ti gbọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn.

Wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti yanjú, àbí? Dá mọ́tò padà fún un jẹ́jẹ́. Alhaji ò kéré nílùú, ó ń mú oníbàárà wá sí yáàdì wa. Má dójú tì í."

"Bàbá, èmi ńkọ́? Wọn ò dójú ti èmi?"

"O ti mọ̀ pé ìwọ kọ́. Ṣé ìyẹn ò tó?"

Mo ní rárá, kò tó. Mo pa fóònù. Mi ò pa fóònù mọ́ wọn létí rí.


Ajé, 31 Ẹrẹ́nà

Alhaji fi abọ́ ìrẹsì ọdún ránṣẹ́ sílé, ẹran àgbò sì kún orí rẹ̀. Mo dá a padà, odindi. Bámidélé ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, nítorí ẹran yẹn.


Ọjọ́bọ̀, 3 Igbe

Ìpàdé.

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà gígùn àti ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Mo dìde. Mo ní ẹ jọ̀wọ́, kí àdúrà dúró, oòrùn ò ní dúró dè wá. Mo wa Píjò jáde. Mo ní kí Alhaji jókòó síwájú, kí Bàbá Awóníyì àti Bùnmi jókòó sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n gbé gíláàsì sókè. Mo mọ̀ pé gíláàsì ò kan ẹ́ńjìnnì. Mo kàn fẹ́ kí ooru mú wọn bó ṣe mú mi ni.

Òógùn ń ṣàn lọ́rùn Alhaji wọ inú agbádá. Nígbà tí a dé orí òkè yẹn, mo rí i tó di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú. Mọ́tò gùn ún bí ẹni pé ilẹ̀ tẹ́jú ni.

Ní Ìpetumodù mo dúró níwájú Abdulrazaq. Mo ní kó sọ ohun tó sọ fún mi. Ó wo Alhaji, ó wò mí, ó sì sọ ọ́, tòun ti irin tí Alhaji bá a dì mú. Bàbá Awóníyì yọ fìlà, wọ́n fi nu ojú.

Nígbà tí a padà dé yáàdì, gbogbo ènìyàn ti yí ibẹ̀ ká. Alhaji sọ̀ kalẹ̀. Ó kùn sínú pé, "Comfort ò jí nǹkan mi."

Mo ní, "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó wò mí. Mo rò pé yóò bínú lọ. Àmọ́ ó gbé ohùn sókè: "Comfort kì í ṣe olè! Wẹ́dà ló tẹ páìpù níṣojú mi. Mo mọ̀, mi ò sì sọ. Ẹ jọ̀wọ́."

Bàbá Awóníyì pàtẹ́wọ́. "Alhamdulillah, ògo fún Ọlọ́run, ó parí. Comfort, kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà."

Mi ò kúnlẹ̀.

Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Wọ́n tún un sọ. Mo ní, "Bàbá, mo gbọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún yín, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Alhaji ò mọ̀ mí, ó lè pè mí lólè. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Abẹ́ yín ni mo ti dàgbà. Ilẹ̀ lẹ ń wò."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní obìnrin yìí ti ya aláìlójútì. Bàbá Awóníyì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ fi í sílẹ̀," wọ́n ní. "Òótọ́ ló sọ."

Wọ́n jókòó padà sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Mo rò pé inú mi máa dùn. Kò dùn. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù mi.


Ẹtì, 4 Igbe

Kí n tó dé láàárọ̀, mọ́tò Bàbá Awóníyì ti wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn fúnra wọn sì dúró tì í, níṣojú gbogbo yáàdì. Wọ́n ní bíréèkì ẹ̀yìn ń ké. Bíréèkì! Ẹni tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tún bíréèkì ṣe.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ gbé e síbẹ̀. Kó di ọ̀sán."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n dúró díẹ̀ bíi pé ọ̀rọ̀ kan ṣì kù, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú oòrùn àárọ̀. Mi ò pè wọ́n padà.

Mo ṣì ń bínú. Mo gbé mọ́tò náà sókè, mo sì yọ táyà ẹ̀yìn.